Ẹ̀bẹ̀ tí Mo Gbà

Àwọn ará Ìgàngàn máa ń sọ pé Búrẹ́mọ̀ Àkànó a máa bínú. Òótọ́ ni. Mo máa ń bínú. Mo ń bínú sí òjò tó yẹ kó rọ̀ tí kò rọ̀, mo ń bínú sí ewúrẹ́ aládùúgbò, mo ń bínú sí Àmínà ìyàwó mi bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, n ó sì jẹ ọbẹ̀ náà tán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n bínú láyé mi, mi ò bínú. Mo ṣe ọmọlúàbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, Adérógbà nìkan ló ní ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá ládùúgbò wa. Kó tó gbé e dé, páànù tí wọ́n fi ìṣó lu làwọn obìnrin wa fi ń rin ín, gbogbo ìka wọn a sì bó. Ọjọ́ tó gbé ẹ́ńjìnnì náà wọ̀lú láti Ìbàdàn, wọ́n jó yí i ká. Èmi náà yọ̀, kí n má parọ́. Ẹ́ńjìnnì wà lápá kan, ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń da gbágùúdá sí wà lápá kejì, bẹ́líìtì gígùn kan ló so méjèèjì pọ̀ tó ń mú wọn yí. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi bo bẹ́líìtì náà kí ara èèyàn má baà kàn án. Irin yẹn bá ẹ̀rọ wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni.

Bí òjò bá ti ń rọ̀, bẹ́líìtì á tutù, á máa yọ̀ kúrò lójú wíìlì. Adérógbà á tú nọ́ọ̀tù mẹ́rin, á ṣí irin, á dá bẹ́líìtì padà, á tún de nọ́ọ̀tù mẹ́rin. Nígbà tó ṣe é ṣe é tó sú u, ó kúkú gbé irin náà tì sára ògiri, adìyẹ kan sì lọ ń yé ẹyin sẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i.

Mo ní, "Adérógbà, dá irin yìí padà síbi tó wà."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá dá a padà, kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo tún ti tú u nígbà mẹ́ta. Ṣé ẹ ò rí èrò ni?"

Nígbà tí mo tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ẹ̀rù ń bà mí ju àwọn obìnrin lọ. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Adérógbà kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọ̀lẹ ọwọ́ kan báyìí ló ṣe é, irú èyí tó ń ṣe gbogbo wa.

Mùnírátù lọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Ó ti jáde ìwé mẹ́fà, ó tún ti ka ọdún mẹ́ta lé e, wọ́n sì ti kọ lẹ́tà sí i pé kó wá sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà tó bá di oṣù kìíní. Ọwọ́ ọmọ yìí mọ́ lórí ìwé, kì í ṣe pé mo ń fi ọmọ mi yangàn. Gbogbo agboolé wa ló ń kọ lẹ́tà fún. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Èkó, tó ní ọkọ ní Kánò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìjókòó wá. Èmi tí mi ò mọ ìwé, mo máa ń jókòó kí n kàn máa wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, Àmínà ti lọ sọ́jà Tápà láti àárọ̀. Gbágùúdá tí wọ́n ti bó tí wọ́n ti fọ̀ wà nílẹ̀, ó sì ti ń dúdú lọ. Mo ní, "Mùnírátù, gbé gbágùúdá yìí lọ sọ́dọ̀ Adérógbà kó tó bàjẹ́." Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò dá, Bàbá." Mo ní òjò kì í pa gbágùúdá. Ó gbé e, ó lọ.

Ìyá Àkíbù, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló kàn lẹ́yìn rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, òun ló sì sọ bó ṣe rí fún wa. Ó ní ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ kó lè kó èyí tí ẹ̀rọ ti rin sínú àpò, ìborùn rẹ̀ sì yọ̀ kúrò léjìká. Etí aṣọ náà bọ́ sí bẹ́líìtì, bẹ́líìtì sì ń fà á lọ. Kí ọmọ má jẹ́ kí aṣọ tuntun bàjẹ́, ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún. Bẹ́líìtì tí irin yẹ kó wà lórí rẹ̀ mú un, ó gbé e wọnú wíìlì.

Adérógbà fúnra rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì, òun ló gbé e sáré dé títì, òun ló dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà kí lọ́rì lè dúró. Ó sunkún dé Igbó-Ọrà. Àwọn dókítà tó wà níbẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe, wọ́n ní àfi kí wọ́n gé e ní ọrùn ọwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀mí ni yóò bá a lọ. Wọ́n gé e. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ayé gba ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún ọmọ tèmi.

Ọjọ́ kẹrin tí a gbé e dé ilé bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Bí wọ́n ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí ni àwọn èèyàn Adérógbà dé. Mọ́kànlá ni wọ́n. Alàgbà ìjọ wọn wà níbẹ̀, wọ́n mú igbákejì ìmáàmù tiwa dání kí n má baà rí ibi yẹ̀ sí, Ìyá Àkíbù náà bá wọn wá, ìyá Adérógbà fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ìyá àgbà yìí ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Òjò ti sọ àgbàlá di ẹrẹ̀. Adérógbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ náà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn, ìyá rẹ̀ sì kúnlẹ̀ tì í.

Ẹ mọ̀ ọ́n bí tiwa. Bí wọ́n bá wá bẹ èèyàn báyìí, èsì tí wọ́n máa gbà ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kúrò nílé. Wọn ò ní í dìde títí tí olúwarẹ̀ á fi sọ ọ́. Bó bá sì pẹ́ jù kó tó sọ ọ́, òun alára ló máa di ìkà ẹ̀dá. Inú ń bí mi débi pé ẹnu mi korò. Mo fẹ́ sọ pé, irin ńkọ́? Irin tí mo sọ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Ṣùgbọ́n mo rí orúnkún ìyá àgbà nínú omi, mo rí i tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo ojú sì wà lára mi.

Mo ní, "Ìyá, ẹ dìde. Adérógbà, dìde. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Àmúwá Ọlọ́run ni. Ó ti tán."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Wọ́n ní ọmọ èèyàn gidi ni mí. Àmínà bu omi tútù fún wọn, wọ́n mu ún, wọ́n lọ. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Mi ò rántí pé ọmọ mi wà lórí ẹní lẹ́yìn kọ́tìnnì, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré sí ibi tí mo dúró sí.

Láti ọjọ́ yẹn, Mùnírátù dákẹ́. Á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, á jẹun bí wọ́n bá fún un, kò sí nǹkan mìíràn. Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn ún. Oṣù kìíní dé, ilé-ẹ̀kọ́ kọ lẹ́tà pé àwọn ti gbọ́, pé kó pẹ̀lẹ́, pé àwọn ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ka lẹ́tà náà sí wa létí, bí ẹni ń ka ti ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kejì ni Àmínà wá bá mi lóko.

Ó ní, "Bàbá Mùnírátù, ẹ mọ ohun tí ọmọ yìí sọ fún mi? Ó ní òun gbọ́ nígbà tí ẹ sọ pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun lòun ṣe ara òun. Ó ní òun ni òun so ìborùn láìdáa, ojú ń ti òun láti wò yín nítorí owó ìwé tí ẹ ti san."

Mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo wá sílé. Mo bá a níbi tó ti ń fi ọwọ́ òsì ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ lo jẹ̀bi?"

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Mo ní, "Adérógbà ló jẹ̀bi. Òun ló ṣí irin. Ṣé o gbọ́?"

Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti sọ fún wọn pé kì í ṣe àwọn."

"Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀! Kí ni kí n sọ?"

Ó ní, "Èwo wá lòótọ́ nínú méjèèjì?"

Ẹ wò ó. Mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́ nígbà igba, kò ní í gbà á gbọ́ mọ́. Ẹnu mi ti bàjẹ́ lójú ọmọ mi. Ó di dandan kí ẹnu tó tóbi ju tèmi lọ sọ ọ́ fún un. Ìdí tí mo fi lọ sí Èrúwà, níbi tí kóòtù wà, nìyẹn, kó yé gbogbo ẹni tó ń sọ káàkiri pé owó ni Búrẹ́mọ̀ ń wá. Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹjọ́ náà, lọ́yà ló kọ ọ́, mi ò lè rántí rẹ̀ lónìí.

Lọ́yà náà ń jẹ́ Láńrewájú, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ́fíìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn tí mo sọ tán, ó ní, "Bàbá, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Mo ní, "Rárá. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ ní Ìgàngàn náà nìyẹn. Kò mọ̀ọ́mọ̀, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ó ti sú mi."

Ó ní, "Bó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sínú ẹ̀rọ ni, tàbí ó gbá a létí, tàbí ó tì í mọ́lé, ìyẹn ní orúkọ tirẹ̀ nínú òfin. Ṣùgbọ́n òfin ò dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí àwọn èèyàn wá lo ẹ̀rọ òun gbọ́dọ̀ ṣọ́ wọn bí ẹni tó ní làákàyè ṣe máa ń ṣọ́ èèyàn. Bí kò bá ṣọ́ wọn, tó jẹ́ pé àìṣọ́ yẹn ló ṣe wọ́n léṣe, ó jẹ̀bi, bó tilẹ̀ fẹ́ràn wọn bí ojú. Ohun mẹ́ta la máa fi hàn: pé ó yẹ kó ṣọ́ ọmọ yín, pé kò ṣọ́ ọ, pé ohun tí kò ṣe yẹn gan-an ló gé ọwọ́ rẹ̀."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí àga oníàga. Láti ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà fún mi pé èèyàn lè dára, kó má mọ̀ọ́mọ̀, kó ṣì jẹ̀bi. Mo ní, "Lọ́yà, ṣé adájọ́ á sọ ọ́ báyẹn, tí ọmọ mi á gbọ́?"

Ó ní, "Bí a bá fi hàn." Ó tún wá ní, "Ṣé ẹ ti bá wọn sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo ní, "Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀, a sì gbà."

Ó rọra fi bírò lélẹ̀. "Kí lẹ sọ?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní ó kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n bí a bá rí ẹlẹ́rìí tó rí bẹ́líìtì láìsí irin fún ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan, a lè rí ọ̀nà gbà.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àkíbù lọ. Èèyàn mi ni. Òun ló bá wa di ọwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú gèlè orí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó kàn wá sọ ohun tó rí, kó má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Mùnírátù, ṣebí ìṣojú mi lẹ ṣe gba ẹ̀bẹ̀? Èmi náà ṣe àmín. Ẹ wá fẹ́ kí n lọ dúró níwájú adájọ́, kí n sọ pé ẹni tí ẹ ti dárí jì jẹ̀bi? Ojú wo ni n ó máa fi wo ìyá rẹ̀?"

"Òótọ́ ni mo ní kí ẹ sọ."

Ó ní, "Òótọ́ ti parí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin lẹ parí ẹ̀."

Inú bí mi, mo bú u, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí i. Mo tún lọ bá àwọn mẹ́fà mìíràn tí wọ́n ń rin gbágùúdá níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ béèrè pé irú èèyàn wo ni mí, tí mo gba ẹ̀bẹ̀ láàárọ̀ tí mo pe ẹjọ́ lálẹ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Orúkọ mi ni wọ́n fi pè é nítorí pé Mùnírátù kò tíì tó pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ dúró. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ gbé Kùránì fún un, ó ní, "Fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e." Ẹnu ti mọ́ ọn lára ni, kò wò ó kó tó sọ ọ́. Ọmọ mi gbé ọwọ́ tí a fi aṣọ dì sókè, ó tún rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé mo lè fi òsì gbé e?" Adájọ́ ní kó fi òsì gbé e.

Ó sọ bó ṣe rí, kò parọ́ kankan. Lẹ́yìn náà lọ́yà tí Adérógbà gbà láti Ìbàdàn dìde. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń pè é ní ọmọ mi.

"Ọmọ mi, ìborùn ta ni bẹ́líìtì fà?"

"Tèmi ni, sà."

"Ta ló so ó?"

"Èmi ni."

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni tì ọ́?"

"Rárá, sà."

"Lójú tìrẹ, ta ló wá jẹ̀bi?"

Láńrewájú fò dìde pé wọn kì í bi ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Mùnírátù ti dáhùn. Ó ní, "Bàbá mi sọ fún àwọn tó wá bẹ̀bẹ̀ pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ó wá ku èmi, sà."

Adájọ́ ní kí akọ̀wé má kọ èsì yẹn sílẹ̀. Kí ló kù tó fẹ́ kọ? Gbogbo wa ti gbọ́ ọ.

Ó kàn mí. Èmi náà gbé Kùránì. Lọ́yà wọn ní, "Bàbá, nígbà tí wọ́n wá bá yín lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ sọ pé kò sí ẹni tó jẹ̀bi?"

Mo ní, "Olúwa mi, bí ìyá àgbà bá wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀..."

"Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá?"

Mo wo Láńrewájú, ó ń wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Mo ní, "Mo sọ ọ́."

"Ẹ ti rí irin náà lára ògiri kó tó di ọjọ́ yẹn?"

Mo rò pé ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́ wàyí. Mo pariwo. Mo ní, "Mo rí i! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún un pé kó dá a padà!"

Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ti mọ̀ nìyẹn pé ewu wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ta ló wá rán ọmọ yìí lọ síbẹ̀ nínú òjò?"

Kò sí ìdáhùn mìíràn láyé. Mo ní, "Èmi ni."

Adérógbà gbé Bíbélì tirẹ̀. Ó ní irin náà kì í kúrò lórí bẹ́líìtì. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ náà nìkan lòun tú u láti fi tún bẹ́líìtì ṣe, òun ò tíì rí àyè dá a padà. Irọ́ ni. Kò wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tó ń pa á. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn. Ẹni mẹ́fà, ẹni méje wà ní Ìgàngàn tó lè sọ pé irọ́ ni, wọ́n wà nílé wọn, wọ́n ń yan gààrí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni adájọ́ ka ìdájọ́. Òyìnbó gígùn ló sọ, ògbufọ̀ sì gé e kúrú fún wa. Ó ní àánú ọmọ náà ṣe òun gan-an. Ó ní òótọ́ ni pé ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ àwọn tó ń wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó pe ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò ṣọ́ wọn. Ó ní ọ̀rọ̀ èmi àti ọ̀rọ̀ Adérógbà nìkan ló wà níwájú òun, kò sí ẹnì kẹta. Ó ní ẹnu tí mo fi ń dá a lẹ́bi ní kóòtù náà ni mo ti fi dá a láre níwájú èèyàn mọ́kànlá. Ti pé Adérógbà dá irin padà lọ́jọ́ kejì jàǹbá náà, bí Láńrewájú ṣe sọ fún un, ó ní ìyẹn ò fi hàn pé ó jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni lè túbọ̀ ṣọ́ra lẹ́yìn tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹjọ́ wa ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Mo ń retí pé ó kéré tán, á sọ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Kò sọ ọ́. Kì í ṣe ohun tí wọ́n bi í nìyẹn.

Lọ́rì la wọ̀ padà sí Ìgàngàn. Mùnírátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Àmínà wà níwájú pẹ̀lú àwọn aláta. Ọmọ náà yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo jẹ́ kí ẹ dààmú lásán."

Mo ní, "Mùnírátù, fetí sí mi. Èmi ni mo rán ọ. Mo mọ̀ pé irin ò sí níbẹ̀, mo rán ọ. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi àti Adérógbà. Ìwọ kọ́. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ó wò mí tàánú-tàánú, bí wọ́n ṣe ń wo arúgbó tó ti ń ṣìnà. Ó ní, "Ẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ara lè tù mí ni, Bàbá. Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún ìyá àgbà náà nìyẹn." Ó sì yíjú sí oko.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wẹ̀, ó wọ bùbá tó fi ṣe ọdún, ó ní òun fẹ́ lọ sí ilé Adérógbà. Mo ní lọ́kàn mi, ìbínú ti dé, ìbínú bàbá rẹ̀ ti dé sí i lára, ẹ jẹ́ kó lọ bú u. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo wọ ṣòkòtò, mo tẹ̀ lé òun àti ìyá rẹ̀.

Wọ́n ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà, àwọn àbúrò, alàgbà ìjọ. Adérógbà rí wa, ojú rẹ̀ yí. Mùnírátù rìn lọ bá a tààrà. Ó kúnlẹ̀. Ó fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré, ọ̀kan ò tó ilẹ̀, ara rẹ̀ fì, ó gbìyànjú kó tó dúró.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mi ò kíyè sára, mo sì tún gbé yín lọ sí kóòtù. Ẹ bá mi bẹ Màmá náà."

Adérógbà ń wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó mọ̀. Nínú gbogbo wa níbẹ̀, òun àti èmi nìkan la mọ̀, bó bá sì la ẹnu báyìí tó sọ ọ́, ọmọ mi yè. Mo ń wò ó. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "Adérógbà, ọmọ wà lórí ìkúnlẹ̀ o."

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ti dárí jì ọ́."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Alàgbà ní irú ọmọ báyìí ló yẹ kí èèyàn bí. Mùnírátù dìde, ó mí kanlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò rí lójú rẹ̀ láti ọdún kan ààbọ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, gbogbo wọn, wọ́n ń dúró. Bí wọ́n bá dárí ji ọmọ èèyàn, bàbá rẹ̀ ló ń dúpẹ́.

Mo ṣí fìlà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Adérógbà.